Ẹni Tó Máa Fà Mí Fọ́kọ Wà Lẹ́wọ̀n

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bá mi jà ní London o, àìkí-ènìyàn ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òtútù, ẹ̀wù là ń fi bá a jà, ẹ̀wù sì pọ̀ ní Peckham ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn pàdé ọmọlàkejì lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀, kí onítọ̀hún wo bàtà ara rẹ̀ kó sì kọjá lọ, kí lèèyàn fẹ́ pe ìyẹn? Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an, mo pàdé ìyá arúgbó òyìnbó kan lórí àtẹ̀gùn ilé wa, irun rẹ̀ funfun báláú, ó gbé báàgì dání. Orúnkún mi kò bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo ti wà nílẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyá yìí ju báàgì sílẹ̀, ó dì mí lápá mú, ó ń ké pe ènìyàn kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Ó rò pé mo ṣubú ni.

Bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Àbúrò mi," ó ní, "níbí o, ọkùnrin tó ń bẹ obìnrin pé kó fẹ́ òun nìkan ló ń kúnlẹ̀. Má lọ fẹ́ ìyá onílé fún mi."

Bí Bọ̀ọ̀dá Ràímì ṣe rí nìyẹn, ẹ̀rín ló máa ń fi kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Òun ni àkọ́bí Màámi, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Bàbá wa kú nígbà tí mo ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ló sì gba iṣẹ́ bàbá ṣe. Òun ló ń ra aṣọ iléèwé, òun ló ń lọ bá tíṣà jà, òun náà ló ní kí n máa bọ̀ ní London, tó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún mi, tó lọ ń sùn lórí àga. Bí mo bá ti jí láàárọ̀, màá kúnlẹ̀ kí i, òun náà á ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á jẹ́ kó o rí ṣe." Màá ṣe àmín kí n tó lọ fọ ẹnu. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, a ò sì rí ìdí tí a fi máa yí i padà nítorí pé a wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo rí, ní Sydenham. Wọ́n ní orúkọ ni kí n máa pe àwọn arúgbó náà. Orúkọ kẹ̀? Ẹni tó bí irú ìyá mi? Mo ń pè wọ́n ní Mama àti Papa, mánéjà ń bínú, àwọn arúgbó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ó sú mánéjà.

Bọ̀ọ̀dá ní tirẹ̀, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lálẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún gbé fáànù, ọkọ̀ akẹ́rù, á máa pín ẹrù kiri. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sùn." Ó ní oorun kò ní tán láyé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní Catford, oorun gbé e lọ níbi tó ti ń wakọ̀. Fáànù gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ó sì kọlu ọkùnrin kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fọ́, kò sì lè rìn bíi tàtijọ́ mọ́ títí dòní. Mi ò ní fi oyin sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é. Lọ́ọ́yà ní kó jiyàn díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá kọ̀ jálẹ̀. Ó dìde ní kóòtù, ó ní, "Èmi ni. Mo mọ̀ pé oorun ń kùn mí, mo sì wakọ̀." Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ sẹ́wọ̀n.

Mo padà sílé, mo bá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó tì í, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà.

Ènìyàn lè wà ní Peckham o, kí Yorùbá máa dún ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀tún àti tòsì, kí aláta máa pe èèyàn ní "Aunty mi", kí èèyàn sì dá wà pátápátá. Nígbà yẹn ló yé mi pé ẹni tó gbọ́ èdè rẹ kọ́ ni ará ilé rẹ. Ará ilé rẹ ni ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù tó sì mọ̀ pé o ò tíì jẹun. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n nínú ohùn mi ní gbogbo ìlú yìí, òun ni wọ́n sì tì mọ́lé.

Ẹnì kejì wà nílé ní Nàìjíríà, ìyẹn Màámi. Bó ṣe pè báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Ràímì ńkọ́?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ó ti rí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi.

"Ojú omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọkọ̀ ńlá ni. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òkun."

Màámi bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún ọkọ̀. Kí ìjì má jà á, kí ẹja ńlá má gbé e mì, kí ó má rì. Mo dúró nínú kíṣìnì, mò ń ṣe àmín sí ọkọ̀ tí kò sí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kí ló kù tí mo lè ṣe?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wo Bọ̀ọ̀dá ni mo ti da nǹkan rú. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà wà létí London. Wọ́n yẹ ara mi wò, wọ́n yẹ ẹnu mi wò, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, ajá kan wá gbóòórùn mi láti ẹsẹ̀ dé orí. Mo ní "Bismillahi," mo dijú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ńlá kan tó kún fún tábìlì. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó nídìí ọ̀kan. Ó ti rù. Wọ́n gbé aṣọ pupa kan tí kò ní apá wọ̀ ọ́ lórí ẹ̀wù, kí wọ́n lè máa dá ẹlẹ́wọ̀n mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá."

"Stand up! Stand up now!"

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́dà mẹ́ta ti yí wa ká. Ọ̀kan fà mí dìde, àwọn tó kù wọ́ Bọ̀ọ̀dá lọ, wọ́n ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì láti ki oògùn olóró sí i lẹ́sẹ̀. Èmi! Èmi tí mi ò lè mu tíì tó bá ti le jù! Mo ń ké pé ìkíni ni, mo ń kí ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọn kò rí nǹkan kan nínú ìbọ̀sẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kò tán síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn gíláàsì ni a ó ti máa rí ara wa, títí ìwádìí á fi parí. Kò sí ìfọwọ́kàn, kò sí tíì, gíláàsì wà láàárín.

Ìpàdé ẹ̀yìn gíláàsì kejì ni Bọ̀ọ̀dá sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn mí dé egungun. Kò wo ojú mi.

"Má kúnlẹ̀ fún mi mọ́," ó ní. "Ẹlẹ́wọ̀n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí mo tún lọ, mo jókòó sídìí gíláàsì títí, kò sí ẹni tó wá jókòó sí ìhà kejì. Wọ́dà kan ló wá sọ fún mi pé ó kọ̀ láti jáde. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà, mo sì bú u ní gbogbo ọ̀nà títí dé Peckham. Ẹni tó jókòó tì mí dìde lọ jókòó síbòmíràn.

Fóònù ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n, ẹ ò lè mọ ohun tí fóònù jẹ́. Èèyàn kò lè pe ẹlẹ́wọ̀n, òun ló lè pe èèyàn, bó bá sì pè tí o ò gbé e, ó parí nìyẹn. Mo ń gbé fóònù wọ balùwẹ̀ nínú ọ̀rá. Mo ń gbé e sínú àyà níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí bọ́ọ̀sì dé Camberwell Green, fóònù dún, ariwo sì pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì náà, ni mo bá fò bọ́lẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kàn bèèrè bóyá ara mi yá, fóònù sì kú. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé báàgì mi ti bá bọ́ọ̀sì lọ.

Báàgì náà ló fún mi ní Jàmíù. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ọ̀hún. Ó tọ́jú rẹ̀, ó sì dúró ní gáréèjì lẹ́yìn iṣẹ́ kí ó lè fi lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Ẹni tó pè yín yẹn pàtàkì o," ó ní. "Ẹ bọ́lẹ̀ bíi pé iná jó."

Mo wò ó. Mo rò ó wò pé kí n purọ́. Irọ́ ti sú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wà lẹ́wọ̀n."

"Ah. Sorry, mà. Ẹ kú ìdúró tì wọ́n."

Kò bèèrè ohun tó ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ, mi ò ní ṣojú ayé fún yín.

Nígbà tí Jàmíù sọ pé òun fẹ́ so yìgì pẹ̀lú mi, mo pe Màámi, ayọ̀ fẹ́ pa á. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gba fóònù. Ẹ mọ̀ pé nínú yìgì, bàbá ọmọ ló ń fà á fún ọkọ, bí bàbá kò bá sì sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni. Bàbá Kékeré ní níwọ̀n ìgbà tí Ràímì ti wà lórí omi, òun á ṣe é láti ilé.

Màámi gba fóònù padà. "Rárá. Ràímì ni bàbá rẹ̀ fi í lé lọ́wọ́ lórí ibùsùn ikú, Ràímì ló máa fà á fọ́kọ. A ó dúró de ọkọ̀ náà." Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, ọkọ̀ wo gan-an ni kì í gúnlẹ̀? Ọkọ̀ Ànábì Nuhu pàápàá gúnlẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa irọ́ tó lọ lógún ọdún. Tèmi kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, oorun, fáànù, ọkùnrin tó fara pa, kóòtù, gíláàsì. Mo gbọ́ tí àkùkọ kan ń kọ nílé wa ní ìhà kejì fóònù.

"Màámi?"

"Mo wà níbí. Ọkùnrin náà ńkọ́? Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, mà."

"Alhamdulilahi." Ó sunkún díẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mi ò dá a dúró. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le. "Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Sọ fún Ràímì kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Kó dìde, kó fa àbúrò rẹ̀ fọ́kọ. Kò sí ẹlòmíràn tó máa ṣe é, èmi ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Kékeré ń pariwo lẹ́yìn pé ẹlẹ́wọ̀n kò lè fa ọmọ fún ọkọ, pé kí ni ayé máa wí. Màámi pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Bọ̀ọ̀dá pè mí lọ́jọ́ kejì. Mo sọ ọ́ fún un, mo sọ pé Màámi ti mọ̀, mo sọ ti Jàmíù.

"Kí Bàbá Kékeré ṣe é," ó ní. "Mi ò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń pè síbi ayọ̀. Mo ti bà yín lórúkọ jẹ́."

Inú bí mi. Mo wà lójú pópó ní Peckham, lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìjọba ló fi yín jẹ ẹ̀gbọ́n mi ni? Ṣé kóòtù ló bí yín ṣáájú mi? Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n dá fún yín, wọn ò sọ pé kí ẹ má ṣe ẹ̀gbọ́n mọ́! Adájọ́ kò kà á sí mi létí! Mo wà ní kóòtù!"

Ẹlẹ́ran, ọmọ Pakistan tó mọ̀ mí dáadáa, ti dúró gbagidi pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Fóònù ti kú. Mi ò mọ̀ bóyá Bọ̀ọ̀dá ló pa á tàbí àsìkò rẹ̀ ló tán.

Ó wá hàn sí mi pé gíláàsì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tí wọ́n ń fi hàn mí bí ẹja inú fìríìjì, báwo ló ṣe fẹ́ gbà pé ẹ̀gbọ́n ni òun? Mo ń pe ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹni tó bá gbé fóònù lọ́fíìsì wọn ti mọ ohùn mi, á kàn mí kanlẹ̀. Níkẹyìn wọ́n ní kí n wá rojọ́.

Yàrá kékeré kan ni. Ọ̀gá obìnrin kan jókòó, ọmọdébìnrin ni lójú tèmi, ṣùgbọ́n òun ni olórí ètò ààbò. Lèmọ́mù tó ń bójú tó àwọn Mùsùlùmí inú ẹ̀wọ̀n náà jókòó tì í, ọmọ Sòmálíà, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Wọ́dà àgbà kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ ti funfun.

"Madam," ọ̀gá náà ní, "o sọ pé ìkíni ni. A bi lèmọ́mù wa, ó ní ẹ̀sìn yín kò gba kí ènìyàn kúnlẹ̀ fún ènìyàn."

Mo yíjú sí lèmọ́mù. Ó ń tijú, ó ní ohun tí òun kọ́ ni òun sọ, pé Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún.

"Lèmọ́mù, ta ló ń sọ ti ẹ̀sìn?" mo ní. "Ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń sọ! Kìrìsìtẹ́nì ilé wa ń kúnlẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ń bọ́ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham ń kúnlẹ̀. Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ Yorùbá."

Ọ̀gá náà fi bírò kan tábìlì. "Ó dáa. Fi hàn wá."

Mo wo ọ̀gá, mo wo lèmọ́mù. Mo ní mi ò lè ṣe é.

"Kí ló dé?"

"Mo jù yín lọ. Mi ò lè kúnlẹ̀ fún ọmọdé, kódà bí ẹ bá máa tì mí mọ́lé."

Lèmọ́mù bú sẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo lọ bá wọ́dà àgbà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ lé itan, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà." Ojú bàbá yẹn pọ́n bíi tòmátì. Ó na ọwọ́ láti gbé mi dìde, ṣùgbọ́n mo ti dìde.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" ọ̀gá náà bèèrè.

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ṣé oògùn lẹ rí?"

Wọ́dà àgbà yìí wá bèèrè pé bí wọ́n bá kí ènìyàn báyẹn, kí ni ènìyàn ń dáhùn. Mo ní, "Ẹ ní 'pẹ̀lẹ́ o', kí ẹ sì gbàdúrà fún ẹni náà." Ó ní "pẹ̀lẹ́ o", ohùn òyìnbó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ọ̀gá náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní a ó kúrò lẹ́yìn gíláàsì. Bí mo bá fẹ́ kúnlẹ̀, kí n dúró jìnnà sí tábìlì, kí n tẹ́ ọwọ́ síta kí gbogbo wọn rí i. Mo jáde, mo rìn dé ibùdókọ̀, mo sì jó díẹ̀ níbẹ̀. Kí ló kàn mí?

Lèmọ́mù sáré bá mi níta. Ó ní òun fẹ́ tún ohun tí òun bàjẹ́ ṣe, kí ni òun lè ṣe fún mi. Mo ní kó wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, kó sọ ọ̀rọ̀ Màámi fún un bí mo ṣe máa sọ ọ́ báyìí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì ń tún un sọ lẹ́yìn mi títí ó fi mọ́ ọn lórí, ti àgbà tó ṣubú tó wo ẹ̀yìn.

Ìgbà tí a tún lọ, èmi àti Jàmíù ni. Bọ̀ọ̀dá jáde wá. Mo dúró lókèèrè, mo tẹ́ ọwọ́ mi, mo kúnlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Mo ń retí rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Dìde, àbúrò mi. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Jàmíù ní tirẹ̀ ti ń na ara, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Wọ́n máa tì ọ́ mọ́bí o!" Ó kàn tẹ orí balẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi kan tábìlì, "Ẹ káàsán, sà," ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí Bọ̀ọ̀dá fi ní kó gbé orí sókè.

Ìgbà yẹn ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi padà. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ọmọkùnrin náà bí adájọ́. Ta ni bàbá rẹ? Ọmọ ìlú wo? Ṣé o máa ń kírun, àbí ọjọ́ Jímọ̀ nìkan? Jàmíù ń dáhùn, òógùn ń bò ó. Lẹ́yìn náà Bọ̀ọ̀dá bèèrè jẹ́jẹ́.

"Bọ́ọ̀sì lo ń wa. Ṣé o máa ń sùn?"

"Mo máa ń sùn, sà."

"Ọjọ́ tí o ò bá sùn, ṣé o lè sọ fún ọ̀gá rẹ pé o ò wakọ̀ lónìí?"

"Mo ti sọ ọ́ rí, sà. Inú bí wọn. Mo padà sílé lọ sùn."

Omi bọ́ lójú Bọ̀ọ̀dá, kò nù ún. Ó mi orí, ó tún mi orí. "Mo gbà fún ọ," ó ní. "Èmi ni mo máa fà á fún ọ."

A fi yìgì sí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ní mọ́sáláṣí wa ní Peckham. Áfáà wa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀wọ̀n kì í yọ ènìyàn kúrò nínú ẹbí, pé bí Ràímì bá ti lè sọ ọ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́, ó ti tó. Fóònù mi wà níwájú Áfáà lórí ẹní. Màámi wà lórí fóònù Jàmíù, ojú rẹ̀ kún gbogbo gíláàsì fóònù náà, Bàbá Kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fajú ro. Àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Sydenham wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Àsìkò tó, fóònù kò dún. A dúró. Kò dún. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré láti Nàìjíríà, "Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?" Áfáà yíjú sí ìhà àwọn obìnrin, ó wò mí, ó ní bóyá kí a ní kí Bàbá Kékeré ṣe é, kí àsìkò má lọ.

Mo dìde láàárín àwọn obìnrin. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, mo mọ̀. "Áfáà, ẹ forí jì mí. Bí ó bá di alẹ́, a dúró. Bí ó bá di ọ̀la, ẹ padà wá lọ́la."

"Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀ yẹn!" Màámi kígbe láti inú fóònù.

Mo dúró bẹ́ẹ̀, mi ò jókòó. Ni fóònù bá dún.

Áfáà gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa dún síta, ó sì gbé gbohùngbohùn mọ́sáláṣí sí i lẹ́nu. Ohùn Bọ̀ọ̀dá mi bú jáde láti ara ògiri.

"Ẹ má bínú. Wọ́n tì wá mọ́lé, ìsinsìnyí ni wọ́n ṣí wa."

"Ràímì," ni Áfáà wí, "ṣé ẹ fi àbúrò yín fún Jàmíù?"

Bọ̀ọ̀dá pe orúkọ mi lódindi, orúkọ ilé, orúkọ Mùsùlùmí, orúkọ bàbá wa. "Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ó ní, "tí bàbá wa fi í lé lọ́wọ́, mo fi í fún Jàmíù. Tọkàntọkàn ni mo fi í fún un."

Jàmíù ní òun gbà. Ẹnìkan ké "Allahu Akbar." Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

"Ẹ gbàdúrà fún wọn," ni Áfáà wí, "ẹ̀yin lẹ fà á fọ́kọ, ẹ̀yin ni kí ẹ gbàdúrà."

Fóònù dákẹ́. A rò pé ó ti já.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọkùnrin kan," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Mo ṣe é léṣe. Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, Ọlọ́run gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró."

"Àmín," gbogbo wa dáhùn.

"Àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀, Ọlọ́run fi ìfẹ́ sáàárín yín. Ẹ ó bímọ, ẹ ó tọ́ ọ dàgbà. Ilé yín kò ní dákẹ́."

"Àmín!" Àwọn ọkùnrin dáhùn, àwọn obìnrin dáhùn, Màámi ń ké tirẹ̀ láti ilé, Bàbá Kékeré pàápàá la ẹnu, gbogbo mọ́sáláṣí mì tìtì. Ó tún gba òmíràn, a tún ké e. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láti mí.

"Mo gbọ́ o," ó ní. "Mo gbọ́ gbogbo yín."